Ọ̀bẹ Iléyá Tí Mo Fi Sípíríìn Ọkọ̀ Rọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àgbò mi sá mọ́ mi lọ́wọ́ ní Iléyá èṣí, òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ní ó sáré dé àdúgbò Ṣàngó, ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ní ọwọ́ mi ló ti rọ, ẹ bá mi sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ọ̀bẹ ló jẹ̀bi.

Tuntun ni mo ra ọ̀bẹ náà lọ́jà Bódìjà. Ó ń dán bíi dígí, wọ́n sì ya kìnnìún sí i lára. Nígbà tí a ti pápá yídì dé, àwọn ọmọ mi dá àgbò dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì, mo ṣe bísímílà, mo fa ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tẹ̀ bíi bàtà sílípáàsì. Ẹran yẹn rò pé mò ń bá òun họ ọrùn ni. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ọrùn híhọ lọ, ó dìde. Àwọn tó dì í mú ṣubú, oníkálukú síbi tó wù ú. Ó gba ẹnu géètì jáde, ó bọ́ sí títì Agbówó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti yọ fóònù síta. Mò ń pariwo pé kí wọ́n bá mi dì í mú, ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ń dí kámẹ́rà."

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé àgbò náà dé Ṣàngó, ó wọ bọ́ọ̀sì, kọ̀ndọ́ sì ń bi í pé ibo ló ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní kò kọjá gọ́tà iwájú ilé kẹta. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí ìtàn dàgbà.

Láti ìgbà tí mo ti ní ilé tèmi, ẹnikẹ́ni kò bá mi fi ọ̀bẹ kan ọrùn àgbò mi rí. Baálé ilé ló ń dúńbú ẹran ilé rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá ọdún yìí ń sún mọ́lé, àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Olúyọ̀lé, fi àgbò ránṣẹ́ ṣáájú, ó sì wá tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ yìí bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí bàbá rẹ̀ di bẹ́líìtì mọ́ra.

"Dádì, a ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí alápatà bá wa dúńbú rẹ̀. Ẹ̀yin á kàn jókòó sórí àga, ẹ ó máa wò wá."

"Àga wo?"

"Èyíkéyìí, Dádì. Àga oníke funfun yẹn."

Mo wo àga náà. Òun náà wò mí. Orí àga yẹn ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sí ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn pé kó máa wò wọ́n, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó tún bi í ní ìbéèrè kankan nínú ilé rẹ̀. Kódà iyọ̀ ọbẹ̀, wọn kò bi í léèrè mọ́.

"Ọ̀bẹ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀ léṣìí," mo ní. "Ọwọ́ mi ò ní nǹkan kan."

"Kí la fẹ́ ṣe sí i nísinsìnyí? Gbogbo ọ̀bẹ tó wà lọ́jà, bákan náà ni."

"Màá rọ tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìyájú o, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. "Dádì, ẹ̀yin? Ìdílé alágbẹ̀dẹ kọ́ la ti wá."

"Ìdílé ọ́fíìsì náà kọ́ la ti wá, àmọ́ o wà níbẹ̀."

A jọ ṣe àdéhùn. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ Àráfà, èyí tó ṣáájú Iléyá, tí mo ti ní ọ̀bẹ, alápatà tó ń gbé ilé kejì sí wa ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ní ó dáa, èmi ni màá dúńbú. Bí kò bá dáa, àga oníke.

Alápatà yìí, màlúù ló ń pa ní Bódìjà, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. "Alájì" ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò dé Mẹ́kà rí. Ó mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́, ó yọjú lórí fẹ́ǹsì.

"Alájì, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún wa, kí ẹ gbá tẹ̀sùbáà mú."

"Tẹ̀sùbáà ń bẹ lọ́wọ́ òsì. Ọ̀tún ṣì ṣófo."

Ìwé kíláàsì kẹrin ni mo kà. Ibi tí tíṣà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìdá ni mo ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, mo sì wa ọkọ̀ títí orí mi fi funfun. Nítorí náà, kò sí ìwé tí mo lè ṣí wo. Mo rí irin rọ́ọ̀dù kan tí àwọn tó ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa gé kù, mo ní irin ṣáà ni irin. Mo gbé ríìmù táyà ńlá kan tó ti ń jókòó lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo da èédú sí i. Mo so páìpù irin mọ́ ọn nísàlẹ̀, mo sì fi dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, èyí tí ọmọ mi obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù. Èédú pọ́n fòò. Ooru náà pọ̀ débi pé alángbá tó wà lára ògiri bọ́ awọ sílẹ̀, ó mú un dání, ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan. Ẹ̀yìnkùlé náà ni wọ́n so àgbò mọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa nílé kéú pé kò dáa kí èèyàn máa pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran tó fẹ́ dúńbú. Èmi kì í ṣe pé mo kàn ń pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran. Mò ń dá ọ̀bẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níṣojú rẹ̀ ni. Àgbò náà dúró, ó ń jẹun, kò gbójú kúrò lára òòlù mi.

Alápatà tún yọjú. "Alájì! Àgbò yín ti mọ gbogbo ètò. Tí ọjọ́ bá pé, òun ló máa júwe ibi tí ẹ ó gbé ọ̀bẹ gbà."

Ojú tì mí. Mo wọlé, mo mú ìró ìyàwó mi kan tí mo rò pé ó ti gbó, mo fi ta bí aṣọ fèrèsé láàárín èmi àti ẹran. Mo padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, àgbò ti jẹ ìró náà dé ìdajì, ó sì ti ń wò mí láti ojú ihò.

Ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò pariwo. Ó ní, "Baálé mi, ìró tí mo fi jáde nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn nìyẹn."

"Ó ti gbó ni mo rò."

"Ẹ̀yin náà ti gbó. Mo ti gbé yín fún àgbò rí?"

Ọ̀bẹ rọ́ọ̀dù yẹn parí ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó rí bí ọ̀bẹ. Bí ó bá jẹ́ pé wíwò la fẹ́ wò ó ni, iṣẹ́ ti parí. Alápatà gbà á, ó fi lé àlùbọ́sà kan, ó tẹ̀ ẹ́. Àlùbọ́sà fò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀bẹ sì ká sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Alájì, èyí á dáa fún bọ́tà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lójú títì. Wẹ́dà gbé awò dúdú kúrò lójú, ó yí ọ̀bẹ mi wò. "Bàbá, irin ìkọ́lé nìyí. Wọ́n ṣe é kó lè máa tẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Irin tó le ni kí ẹ wá, bíi sípíríìn mọ́tò."

Orí mi wú! Sípíríìn! Ta ló mọ sípíríìn tó mi? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, irin pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n sì tò léra wọn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kó lè gba ẹrù dúró. Nígbà kan, mo kó iṣu láti Ṣakí, iṣu náà pọ̀ lẹ́yìn débi pé táyà iwájú kò kan ilẹ̀ títí a fi wọ Ìbàdàn. Ọwọ́ ni mo ń nà síta láti fi yí ọkọ̀, bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò. Ohun gbogbo tó wà lára ọkọ̀ yẹn ló ké lọ́jọ́ náà, àfi sípíríìn.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge, níbi tí wọ́n ti ń kó irin kóńdẹ̀mù jọ lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì. Òkìtì irin náà ga ju ilé lọ. Mo tú u láti àárọ̀ títí òòrùn fi dé àtàrí, mo sì fa sípíríìn kan jáde tó ti dípẹtà. Mo búra fún ẹni tó ni òkìtì náà pé ara ọkọ̀ tí mo wà lọ́jọ́ iṣu yẹn ni sípíríìn yìí wà, mo mọ ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa mú un lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín." Ó kọ̀ láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Mo kó ríìmù mi wá sí iwájú ilé nítorí àgbò. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó mi ti ń yan ẹ̀pà tà ni àyè wà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Òun ń fi iyanrìn gbígbóná yan ẹ̀pà nínú agbada, èmi ń fi èédú yan irin. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa béèrè pé, "Màmá, kí ni Bàbá ń tà?" Yóò ní, "Wàhálà. Ṣé ẹ fẹ́ rà á?"

Wẹ́dà bá mi fi gíráńdà gé sípíríìn náà. Èmi ló lù ú títí ó fi nà. Irin yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀dù o! Mo lù ú títí apá mi fi wú, mo sinmi, mo tún lù ú. Ní gbogbo àṣálẹ́, ìyàwó mi a máa fi ròbì ra èjìká mi, a sì máa bú mi bó ṣe ń rà á. Ọwọ́ ọ̀tún mi, kí n sọ òótọ́ díẹ̀, kì í pa dé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìka méjì tó kángun síta máa ń dúró lóde bí àlejò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń fi òòlù sí i, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo ti fi fáìlì onírin ha á di ọ̀bẹ, ó ku kí n mú un le. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó pọ́n nínú iná, kí n sì rì í sínú omi. Mo ti rí alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo wá lo ọpọlọ mi. Mo ní, bí omi lásán bá ń mú irin le, omi dídì á mú un le jù. Mo ra omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan tútù, mo tú u sínú garawa. Àwọn èèyàn dúró. Mo yọ irin pípọ́n jáde, mo rì í.

Ó ní "kẹ́!"

Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná. Mo yọ ọ́. Ọ̀bẹ ti là láti ẹnu dé ẹ̀yìn. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó di méjì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Alápatà pàápàá, tó ń ra ẹ̀pà, kàn kó ẹ̀pà rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Kò pè mí ní Alájì. Nígbà tí mo wọlé, àga oníke funfun wà ní pálọ̀, ó na apá méjèèjì sí mi. Mo gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dojú rẹ̀ dé. Sípíríìn ṣì kù tó tó ọ̀bẹ kan. Ọjọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́.

Mo padà lọ bá wẹ́dà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ omi dídì, ó di orí mú. "Bàbá, òtútù òjijì ló la irin náà! Òróró ni kí ẹ rì í sí, òróró tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ sì wá mágínẹ́ẹ̀tì. Bí irin bá gbóná débi pé mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á mọ́, ó ti tó rì nìyẹn. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má lò ó o. Ó máa le bí abọ́ tánganran ni, tó bá já bọ́, ó fọ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi iná tútù yá a díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n ráúráú."

"Iná tútù wo nìyẹn?"

"Ìyẹn ni èmi náà kò ní. Tèmi máa ń jó nǹkan ni."

Mo lù, mo ha, mo tún lù. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ rédíò tó ti kú. Ní ti òróró, èyí tí ìyàwó mi fẹ́ fi dín ẹran Iléyá ló wà nítòsí. N kò jí i. Mo yá a láì sọ. Nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì kọ irin sílẹ̀, mo rì í. Òróró hó, èéfín sọ, òórùn dídùn sì gba gbogbo àdúgbò. Ìyàwó mi gbóòórùn náà, ó yí ojú sí garawa, ó sì mọ òróró rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ.

Mo gbé ọ̀bẹ sókè kíákíá kó tó sọ̀rọ̀. Kò là. Mo fi fáìlì ha á, fáìlì ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀.

"Ó ti le," mo ní. "Ó ku iná tútù, n kò sì mọ ibi tí mo ti máa rí i."

Ó pa ìbínú rẹ̀ mọ́ra. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo agbada rẹ̀. "Kí ló fẹ́ kó ṣe?"

"Kí ó gbóná, kí ó má jó. Kí ó kàn pọ́n díẹ̀."

"Bíi ẹ̀pà?"

Mo yí ojú sí agbada. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbẹ̀, ohun tí mò ń wá ń rọ́ yìì ní ẹ̀gbẹ́ mi. Iyanrìn kì í jó ẹ̀pà, ó ń yá a kárí ni. Mo nu ọ̀bẹ pẹ̀lú sáńpépà títí ó fi funfun. Ìyàwó mi da ẹ̀pà kúrò, ó ju hóró àgbàdo kan sínú iyanrìn láti fi mọ bó ṣe gbóná tó, ó fa igi méjì jáde nínú ààrò, ó sì gbé ọ̀bẹ sí i. Ó ń fi ìgbákọ rò ó, a jọ tẹ orí síbẹ̀. Irin funfun bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi gàrí olépo. Mo ní ó ti tó. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, kò tíì jinná." Nígbà tí ó dà bí èèpo ẹ̀pà tó yan dáadáa, ó wà á jáde, ó ní, "Ó ti tó jẹ."

Mo fi ọmọ odó rẹ̀ kan tó ti ṣẹ́ ṣe èèkù. Mo pọ́n ọ̀bẹ náà lórí òkúta ní iwájú ilé, jìnnà sí àgbò.

Ní ọjọ́ Àráfà, àkọ́bí mi dé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Alápatà gba ọ̀bẹ. Ó fi gé òwú, ó fi fá irun apá rẹ̀, ó fi ṣá eegun màlúù kan, ó tún fi fá irun apá kejì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó sì wo ìka mi méjì tó dúró síta.

"Ọ̀bẹ dáa, Alájì. Kò sí irú ẹ̀ lọ́jà. Ó ku ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀bẹ ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni lóòótọ́ léṣìí ńkọ́? Mo gbé ọ̀bẹ lọ sí yàrá, mo dì í mú, mo tú u, mo tún dì í mú. Èèkù náà tín-ín-rín jù fún ọwọ́ mi. Mo wá gé rọ́bà inú táyà, mo wé e mọ́ èèkù títí ó fi nípọn, títí ìka méjì yẹn fi rí nǹkan gbára lé. Nígbà tí mo mì ín, kò mì.

Nígbà tí a ti yídì dé, wọ́n dá àgbò dùbúlẹ̀. Ẹnì kan ti lọ yí àga oníke sókè, ó ti nù ún, ó sì ti gbé e sítòsí. N kò bi wọ́n pé ta ni. Mo fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú apá agbádá kí ẹran má rí i. Àkọ́bí mi di orí àgbò mú, ó gbójú sókè sí mi, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á fún mi ju bó ṣe ń bà mí lọ. Mo ṣe bísímílà, mo fà á.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ mi ṣì ń dúró pé kí n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ pé ọ̀bẹ náà kọjá lára àgbò, ó wọ ilẹ̀, ó sì kan omi kànga. Ìyàwó mi ní kò rí kànga kankan. Àmọ́ ó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ni.

"Dádì, ẹ kú iṣẹ́," ọmọ mi ní. Ohùn rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ mọ́, ohùn tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mo fa àga oníke mọ́ra fúnra mi, mo sì jókòó. Ó dùn jókòó sí.

Alápatà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹran. Kò pẹ́ tó fi na ọwọ́ sí mi. "Alájì, ẹ yá mi ní ọ̀bẹ yẹn. Tèmi ti kú."

Kí n tó dáhùn, ìyàwó mi ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ń nù ún mọ́ etí ìró rẹ̀. "Ilé ìdáná ló ń lọ. Àlùbọ́sà ń dúró."

"Ọ̀bẹ mi nìyẹn o!"

"Ọ̀bẹ ta ni? Òróró ta ni? Iyanrìn ta ni? Ọmọ odó ta ni? Ìró ta ni àgbò yìí jẹ? Kí ni tiyín níbẹ̀?"

Mo ronú sí i dáadáa. "Sípíríìn," mo ní.

"Ẹ ó máa rí sípíríìn yín ní àárọ̀ Iléyá," ó ní, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, inú ilé ìdáná rẹ̀ ni ọ̀bẹ náà wà. Alápatà ti wá yá a lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi ní kò sí lọ́wọ́. Èmi náà, bí mo bá fẹ́ fi bó ọsàn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ. Mo sì ń tọrọ.